Ìdánwò Sáyẹ́ǹsì Nílé Ẹ̀kọ́ Wa: Láti Cambridge dé Modákẹ́kẹ́

Kí WAEC, àjọ ìdánwò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tó dé, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń yẹ ìwé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama nílẹ̀ Yorùbá wò. Yunifásítì Cambridge dá ẹ̀ka ìdánwò sílẹ̀ lọ́dún 1858 fún àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn. Nígbà tó fi máa di 1863, ìdánwò náà ti sọdá òkun dé Trinidad, bó sì ṣe ń tàn kiri àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso nìyẹn, títí tó fi kan Èkó. Ọkọ̀ òkun ló ń gbé ìbéèrè wá, òun náà ló ń gbé ìdáhùn lọ. Ẹni tó bá ṣe ìdánwò níparí ọdún á ti wọ ọdún tuntun dáadáa kó tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ òun já sí.

Sáyẹ́ǹsì inú ìdánwò yẹn kò tó nǹkan ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ bíi King's College ní Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1909, àti Government College Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1929, lè kọ́ ọmọ ní físíìsì àti kẹ́místírì, nítorí owó ìjọba wà lẹ́yìn wọn. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ kò lágbára àtikọ́ lábù, wọn kò sì rí tíṣà sáyẹ́ǹsì gbà síṣẹ́. Ohun tí ọwọ́ wọn ká ni ẹ̀kọ́ ìlera, tàbí sáyẹ́ǹsì gbogbogbòò tí wọ́n ń kà nínú ìwé. Nítorí náà, bí físíìsì kò bá sí lórí ìwé-ẹ̀rí ọmọ kan, kò túmọ̀ sí pé ó fìdí rẹmi nínú rẹ̀. Wọn kò bi í ní ìbéèrè físíìsì rí ni.

Òfin kan tún wà tó le ju ọ̀ràn lábù lọ. Àpapọ̀ ni ìwé-ẹ̀rí Cambridge: ọmọ tó bá fìdí rẹmi nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní ìwé-ẹ̀rí kankan gbà, ìbáà ṣe òun ló mọ kẹ́místírì jù ní kíláàsì rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù. A ó tún bá èdè pàdé nínú ìtàn yìí.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba amúnisìn ní kí George Barker Jeffery, tó jẹ́ ọ̀gá Institute of Education ní Yunifásítì London, wò ó bóyá ó tó àkókò kí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní àjọ ìdánwò tirẹ̀. Ó jábọ̀ lọ́dún 1950 pé ó tó. Lọ́dún 1951 ni òfin tó dá West African Examinations Council (WAEC) sílẹ̀ jáde ní Gold Coast. Nàìjíríà, Sierra Leone àti Gambia náà ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀. Oṣù Kẹta 1953 ni ìgbìmọ̀ náà kọ́kọ́ jókòó ní Accra. Liberia dara pọ̀ mọ́ wọn lọ́dún 1974. Cambridge kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Wọ́n jọ ṣe é fún ọdún mélòó kan, kí WAEC tó dá dúró lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀.

Ní 1957, ọdún tí Soviet Union ju sátẹ́láìtì Sputnik sójú òfuurufú, àwọn tíṣà sáyẹ́ǹsì Nàìjíríà dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí STAN. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìlànà ẹ̀kọ́ kọ, wọ́n sì ṣe ìwé sáyẹ́ǹsì alápapọ̀ fún àwọn kíláàsì ìsàlẹ̀ nílé-ẹ̀kọ́ girama. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé sáyẹ́ǹsì kì í ṣe ohun àkọ́sórí: kí ọmọ wò ó, kó wọ̀n ọ́n, kó dán an wò, kó sì sọ ohun tó rí. Kò ṣòro láti kọ èyí sínú ìlànà ẹ̀kọ́. Bí wọ́n ṣe máa fún un ní máàkì ló le.

Práktíkà, ìyẹn ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ nínú lábù, ni ìdáhùn tí WAEC ní sí ìyẹn, ó sì yẹ ká dúró díẹ̀ níbẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìdánwò ti súnmọ́ ohun tí ọwọ́ ọmọ lè ṣe jù lọ. Wo táítíréṣọ̀n nínú kẹ́místírì. Akẹ́kọ̀ọ́ dúró nídìí tábìlì. Búrẹ́ẹ̀tì wà níwájú rẹ̀, ọ̀pá gíláàsì gígùn tí wọ́n fàlà sí lára láti 0 dé 50, tó ní kọ́ọ̀kì nísàlẹ̀. Ásíìdì ló wà nínú rẹ̀. Ó fi pìpẹ́ẹ̀tì fa 25 cm³ álíkálì sínú ìgò, ó kán methyl orange bíi ẹ̀kán méjì sí i, gbogbo rẹ̀ sì di àwọ̀ ìyeyè. Ó wá ń já ásíìdì sí i díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kejì mi ìgò náà. Tó bá kù díẹ̀, ẹ̀kán kan péré ló ń yí àwọ̀ rẹ̀ padà, ẹni tí kò bá fara balẹ̀ á sì ti já a kọjá ààlà. Ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí ojú rẹ̀ bá omi inú búrẹ́ẹ̀tì dọ́gba kó tó kà á. 24.50 ni yóò kọ sílẹ̀. Tó bá kọ 24.5, máàkì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò tún un ṣe títí tí kíkà méjì yóò fi súnmọ́ra láìju 0.20 cm³ lọ, àwọn yẹn nìkan ni yóò sì fi wá ìpíndọ́gba. Èyí tó kọ́kọ́ fi ṣe ìdíwọ̀n kò sí níbẹ̀.

Báwo ni ẹni tó ń máàkì ní ìlú mìíràn ṣe máa mọ̀ bóyá 24.50 tọ̀nà? Ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló po ásíìdì àti álíkálì tirẹ̀, omi púpọ̀ tàbí omi díẹ̀ sì lè bọ́ sí i. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé tíṣà kẹ́místírì ilé-ẹ̀kọ́ náà yóò ṣe táítíréṣọ̀n kan náà, yóò sì fi iye tirẹ̀ ránṣẹ́. Ti tíṣà ni wọ́n fi ń wọn ti ọmọ: bí tọmọ bá ṣe súnmọ́ ti tíṣà tó ni máàkì rẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó. Ọgbọ́n gidi ni, nítorí ó gba ọmọ lọ́wọ́ ìyà kẹ́míkà tí wọn kò pò dáadáa. Ṣùgbọ́n ó tún fi hàn pé máàkì tó dà bíi pé ti ọmọ nìkan ni, ọwọ́ tíṣà náà wà nínú rẹ̀. Bí tíṣà kò bá fara balẹ̀ ka búrẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, ọmọ tó kà á dáadáa ló máa san gbèsè náà.

Lónìí, máàkì 200 ni kẹ́místírì nínú WASSCE, ìdánwò àṣejáde girama ti WAEC: 50 fún ìbéèrè ọbujẹ́tíìfù, 100 fún èyí tí wọ́n ń kọ àlàyé sí, 50 fún práktíkà. Iṣẹ́ ọwọ́ kó ìdá kan nínú mẹ́rin nìyẹn. Ọmọ tí kò di búrẹ́ẹ̀tì mú rí títí di ọjọ́ ìdánwò ṣì lè fi 150 yòókù rí kírédíìtì. Àwọn tó ń ṣe ìdánwò láìsí nílé-ẹ̀kọ́ kì í tilẹ̀ wọ lábù rárá: ìwé ni wọ́n fi ń bi wọ́n nípa práktíkà, wọ́n á ya àwòrán ìwọ̀n fún wọn kí wọ́n kà á. Gíréèdì C4 wọn àti C4 ẹni tó dúró nídìí tábìlì kò yàtọ̀ síra lójú ẹni tó ń gbani sí yunifásítì.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn ọmọ lè ṣe gan-an, kì í ṣe gíréèdì ló yẹ kó kọ́kọ́ wò. Ìròyìn tí àwọn olórí amáàkì ń kọ lẹ́yìn ìdánwò kọ̀ọ̀kan sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀sùn kan náà ló ń padà wá níbẹ̀ lọ́dọọdún: ọmọ kò kọ ẹyọ ìwọ̀n mọ́ iye tó rí, ó yàwòrán kòkòrò láìsọ ìlọ́po tó fi tóbi ju ti gidi lọ, ó fi ohun tó rò rọ́pò ohun tó fojú rí. Ìyẹn lohun tí tíṣà lè gbé lọ sí kíláàsì lọ́jọ́ Ajé. Ó ṣeni láàánú pé A1 àti F9 nìkan ló ń jáde nínú ìwé ìròyìn.

Práktíkà ní ẹ̀gún tirẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ mọ ohun èlò tí wọ́n máa tò sílẹ̀, nítorí náà ìtọ́ni àṣírí máa ń dé ọwọ́ tíṣà ṣáájú ọjọ́ náà. Nínú orílẹ̀-èdè tí ìwé ìdánwò ti jò débi pé ọdún 1977 gba orúkọ "Expo '77", kò pẹ́ tí irú àṣírí bẹ́ẹ̀ fi ń dọjà. Ọmọ tó ti mọ iyọ̀ tí wọ́n máa ní kó dá mọ̀ kò ní nǹkan kan tí yóò wádìí mọ́.

Bí a ṣe ń ṣe tiwa nílé, ayé náà ti ń wá ọ̀nà láti fi orílẹ̀-èdè kan wé èkejì. Lọ́dún 1958 ni àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ bíi Benjamin Bloom ará Amẹ́ríkà àti Torsten Husén ará Sweden pàdé ní Hamburg, ìpàdé náà ló sì bí àjọ IEA. Wọ́n kọ́kọ́ dán àwọn ọmọ ọdún 13 wò ní orílẹ̀-èdè 12 láàárín 1959 sí 1961, sáyẹ́ǹsì wà lára rẹ̀. Ìwádìí sáyẹ́ǹsì àkọ́kọ́ tó dá dúró tẹ̀ lé e ní 1970 àti 1971, orílẹ̀-èdè 19 ló sì ròyìn rẹ̀. Chile, India, Iran àti Thailand ló ṣojú àwọn ilẹ̀ tí kò lówó, ẹ̀yìn ni wọ́n sì wà pátápátá.

Nàìjíríà wọ ìwádìí kejì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1983, pẹ̀lú Ghana àti Zimbabwe. Ìbàdàn, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀túndé Yoloye ti ń darí ibùdó ìwádìí ìdánwò ní yunifásítì, jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tí ìmọ̀ irú iṣẹ́ yìí ti gbilẹ̀ jù lọ ní Áfíríkà lákòókò yẹn. Àwọn ọmọ wa wà lára àwọn tó gbẹ̀yìn. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rí nìyẹn fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní Áfíríkà lẹ́yìn náà: nínú TIMSS, ìdánwò IEA, ti 2003, àwọn ọmọ kíláàsì kẹjọ ní Ghana gba 255 nínú sáyẹ́ǹsì, South Africa gba 244, nígbà tí ìpíndọ́gba gbogbo orílẹ̀-èdè jẹ́ 474. Nàìjíríà kò sí nínú ìyẹn. Nínú PISA náà, tí àjọ OECD bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2000 fún àwọn ọmọ ọdún 15, a kò sí níbẹ̀. PISA ti 2006 ló sọ ọ́ kedere pé ohun mẹ́ta lòun ń wá lọ́wọ́ ọmọ: kó dá ìbéèrè tí sáyẹ́ǹsì lè yanjú mọ̀, kó fi sáyẹ́ǹsì ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀, kó sì lo ẹ̀rí. Finland ló gba ipò kìn-ín-ní lọ́dún yẹn pẹ̀lú 563.

Àwọn ará Bénin àti Tógò ní ìdánwò àgbègbè tiwọn, PASEC, tí orílẹ̀-èdè 10 tó ń sọ Faransé jọ ṣe lọ́dún 2014. Èdè àti ìṣirò nìkan ni wọ́n fi dán ọmọ prámárì wò. Sáyẹ́ǹsì kò sí níbẹ̀, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè tọ́ka sí nínú rẹ̀ nípa sáyẹ́ǹsì.

Ó ku ọdún mẹ́tàlá kí ìwádìí IEA tó kan Nàìjíríà nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánwò mìíràn ní Modákẹ́kẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ilé-Ifẹ̀, èyí tí mo gbà pé ó ṣe pàtàkì ju gbogbo òǹkà àgbáyé yẹn lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Institute of Education, Yunifásítì Ifẹ̀, fẹ́ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan lásán tí tíṣà tó mọ̀ ọ́n dáadáa ń kọ́ wọn. Ford Foundation fún wọn lówó. Ní January 1970, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's 'A': kíláàsì méjì fún ọ̀nà tuntun, kíláàsì kan fún ọ̀nà àtijọ́, ìyẹn Yorùbá ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, kó tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1973, wọ́n fi àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn kún un.

Wọ́n ní láti kọ ìwé sáyẹ́ǹsì lédè Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀, torí kò sí èyí tí wọ́n lè rà. Ohun tó ń dàmú àwọn tó ń dán ọmọ wò sì yé ni bí èèyàn bá ronú nípa ìbéèrè kan péré. Ká ní wọ́n bi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ìdí tí aṣọ fi ń tètè gbẹ nígbà ọyẹ́ ju ìgbà òjò lọ. Ọmọ tó ń sá aṣọ fún ìyá rẹ̀ mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbẹ, ó sì ń fa omi. Bí wọ́n bá bi í lédè Gẹ̀ẹ́sì, kò lè sọ ohun tó mọ̀ jáde, òdo ni yóò sì gbà. Òdo yẹn wà fún Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, àmọ́ abẹ́ sáyẹ́ǹsì ni wọ́n máa kọ ọ́ sí.

Àwọn tó wá yẹ iṣẹ́ náà wò, Yoloye láti Ìbàdàn wà lára wọn, fi ìdánwò kan náà wé kíláàsì tuntun àti ti àtijọ́. Adédibú Òjérìndé àti Gary Cziko ṣe àyẹ̀wò kan fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ní June 1976. Ohun tó jáde ni pé àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ nínú sáyẹ́ǹsì, ìṣirò àti ẹ̀kọ́ àwùjọ. Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì bàjẹ́ bí àwọn òbí ti ń bẹ̀rù. Wọ́n tún ta àwọn yòókù yọ níbẹ̀.

Àwọn kan ta ko èsì náà, ọ̀rọ̀ wọn sì yẹ ní gbígbọ́. Kíláàsì tuntun ní tíṣà Gẹ̀ẹ́sì àkànṣe, ó ní ìwé tuntun, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n sì ń wọlé wọ̀de níbẹ̀. Ta ló lè sọ pé Yorùbá nìkan ló gbé máàkì wọn ga? Wọn kò lè yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì tán. Síbẹ̀, àfiwé wà níbẹ̀, wọ́n mọ ọmọ tí wọ́n fi èdè wo kọ́, wọ́n sì mọ ọdún tó lò. Ìwé tí wọ́n kọ nípa iṣẹ́ náà jáde ní 1989, Fáfúnwá fúnra rẹ̀ sì di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ láti 1990 sí 1992, ṣùgbọ́n ọ̀nà Modákẹ́kẹ́ kò tàn dé gbogbo ilẹ̀.

Òjérìndé ní tirẹ̀ bá ọ̀nà ìdánwò lọ jìnnà. Nígbà tí ìjọba dá àjọ ìdánwò NECO sílẹ̀ ní 1999, òun ni ọ̀gá rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó bọ́ sí JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò ìgbaniwọlé sí yunifásítì, ní 2007, abẹ́ rẹ̀ sì ni ìdánwò orí kọ̀ǹpútà ti bẹ̀rẹ̀ ní 2013, tó sì di ti gbogbo èèyàn ní 2015. Máàkì 400 ni JAMB, ẹ̀kọ́ mẹ́rin ní 100-100, mú ìdáhùn kan nínú mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀. Ọmọ tó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ń ṣe físíìsì, kẹ́místírì àti báyọ́lọ́jì níbẹ̀ láìfọwọ́ kan ohun kan ju kíbọ́ọ̀dù lọ.

Lọ́dọ̀ WAEC, ìwé-ẹ̀rí SSCE rọ́pò ti àtijọ́ ní 1988 nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 dé ìparí kíláàsì àgbà, WASSCE sì dé ní 1999. Láti ìgbà náà ni òǹkà kan ti ń jáde lọ́dọọdún tí gbogbo ìwé ìròyìn ń gbé sí ojú ìwé kìn-ín-ní: iye ọmọ tó ní kírédíìtì márùn-ún, tí Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò wà nínú rẹ̀. Òun ni àwọn olóṣèlú fi ń pariwo, òun ni wọ́n fi ń bú tíṣà. Kò sí ọ̀rọ̀ físíìsì nínú rẹ̀. Ọmọ lè wà nínú òǹkà yẹn láìṣe sáyẹ́ǹsì kankan, ọmọ tó gba A1 ní kẹ́místírì sì lè jáde kúrò nínú rẹ̀ nítorí Gẹ̀ẹ́sì. Òfin Cambridge kò tíì kú tán.

Ní August 2025, WAEC kéde pé ìdá 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún ló yege bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tó ṣáájú, 72.12 ni. Ariwo ta. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, àjọ náà gba èsì padà, ó ní àṣìṣe wọ ètò tuntun tí wọ́n fi ń to ìbéèrè yàtọ̀ síra fún àwọn ọmọ. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, ó di 62.96. Ìdá 24 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló fi yí padà, àwọn ọmọ kan náà, ìwé ìdáhùn kan náà.

Lóṣù November ọdún yẹn kan náà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Túnjí Alausa, kéde pé ìjọba ti fagi lé ìlànà èdè tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní November 2022, èyí tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ títí tí yóò fi parí prámárì. Ẹ̀rí tó mú wá ni èsì WAEC, NECO àti JAMB ní àwọn ẹkùn tó ní wọ́n ti lo èdè abínibí jù. Ìwé èsì WAEC kì í sọ èdè tí wọ́n fi kọ́ ọmọ ní prámárì, kò sì sí kíláàsì àfiwé kankan lẹ́yìn òǹkà náà bíi ti Modákẹ́kẹ́. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ Prámárì Kìn-ín-ní lọ́dún tí wọ́n fọwọ́ sí ìlànà 2022 ṣì wà ní Prámárì Kẹrin nígbà tí wọ́n fagi lé e. Ọdún 2034 ni WAEC yóò tó kàn án.